Ohùn Tó Dákẹ́, Ohùn Tó Ń Pàṣẹ

Ọkọ̀ epo ràbàtà kan wà ní Wallsend, létí odò Tyne, ó ga ju òrùlé àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ń fi òòlù lu àwọn igi tó há a mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ̀wọ̀n irin ń wọ́ tẹ̀lé e, èèyàn ń hó, ó sì bọ́ sómi. Launch ni wọ́n ń pe fíìmù náà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Amber ló gbé e jáde ní 1974. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún òǹwòran láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, onífíìmù kan tó ń jẹ́ John Smith gbé kámẹ́rà sí igun òpópónà kan ní Dalston, ní ìlà-oòrùn London, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba mọ̀ lónìí nítorí ọjà Ridley Road. Èèyàn ń kọjá, ọkọ̀ ń kọjá, ẹyẹlé ń fò. Kò sí ohun tó yà níbẹ̀ tí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohùn kan ń bá àwòrán náà lọ, ohùn adarí eré, ó ń pàṣẹ: kí ọkọ̀ yẹn rọra kọjá sí apá òsì, kí bàbá yẹn máa bọ̀, kí ọmọbìnrin tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù yọ síta. Gbogbo wọn ń gbọ́ràn. The Girl Chewing Gum ni orúkọ fíìmù náà, ìṣẹ́jú 12 sì ni.

Àwọn tó ń to fíìmù sórí pẹpẹ máa ń fi ti àkọ́kọ́ sí abẹ́ dọ́kúmẹ́ńtárì, wọn a fi ìkejì sí abẹ́ fíìmù iṣẹ́ ọnà. Ìpín náà kò burú. Ọ̀kan ń wo ayé, èkejì ń wo ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, ta ló ni ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọwọ́ ta là ń wò, ta ló láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lé àwòrán ẹlòmíràn lórí, a ó rí i pé ògiri tó wà láàárín wọn tín-ín-rín níbi tí a rò pé ó nípọn, ó sì nípọn níbi tí a kò fura sí.

Ká mú ilé wọn wò ná. Amber bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1968 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Regent Street Polytechnic. Murray Martin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Sirkka-Liisa Konttinen, ọmọ ilẹ̀ Finland. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1969, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Newcastle ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìgbé ayé àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ yà, ní agbègbè tí iṣẹ́ èédú, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn àti iṣẹ́ bíríkì ti ń kógbá sílé díẹ̀díẹ̀. London Film-Makers' Co-operative, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Co-op, tí John Smith náà sì bá da iṣẹ́ pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1966 nínú ilé ìtàwé kan, Better Books, ní òpópónà Charing Cross, ibi tí àwọn akéwì máa ń kóra jọ sí. Co-op kò fi London sílẹ̀ rí. Ohun tó ń wá kò sí ní ìlú kankan; inú fíìmù fúnra rẹ̀ ló wà, nínú ìmọ́lẹ̀, nínú àwọ̀, nínú ọ̀já tó ń kọjá lójú ẹ̀rọ.

Bí ọ̀kan ṣe lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èkejì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo irú ilé tí Co-op ń gbé. Láti 1971, inú ilé tí wọ́n ti ń ta wàrà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti pa tì, ni wọ́n wà. Ní 1975, wọ́n kó lọ sí ilé tí wọ́n ti ń kan dùùrù nígbà kan rí. Àwọn ará Newcastle ń ya àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kú lọ. Àwọn ará London ń gbé inú àwọn tó ti kú. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè náà, ọ̀kan dojú kámẹ́rà kọ ọ́, èkejì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ló wù mí láti dúró lé. Ní 1977, Amber ṣe fíìmù kan tí wọ́n pè ní Glassworks, ní ilé iṣẹ́ gíláàsì tó wà ní Lemington. Òṣìṣẹ́ á ki ọ̀pá irin oníhò bọ inú iná ìléru, á fi wọ́ gíláàsì yíyọ́ jáde, á máa yí ọ̀pá náà láì dáwọ́ dúró, nítorí bó bá dáwọ́ dúró pẹ́nrẹ́n, gíláàsì á wọ́ sílẹ̀. Á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún yí i. Kámẹ́rà dúró tì í, kò kánjú, kò fo ìgbésẹ̀ kankan kí òǹwòran má bàa rò pé idán ni. Ẹni tó bá wò ó tán mọ̀ pé ọgbọ́n orí wà nínú ọrùn ọwọ́ ọkùnrin yẹn, bí kò tiẹ̀ sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀.

Ní Co-op, ọwọ́ tí à ń wò ni ọwọ́ ẹni tó ṣe fíìmù. Láyé ìgbà yẹn, onífíìmù kì í fọ fíìmù ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò rẹ̀ ni yóò gbé e lọ, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a dà á kọ, wọn a gba owó wọn. Malcolm Le Grice, tó jẹ́ ayàwòrán kó tó di onífíìmù, kò gba èyí. Ó to ẹ̀rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, Co-op sì padà ní ẹ̀rọ àdàkọ àti ẹ̀rọ ìfọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kankan lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti ara ẹ̀rọ wọ̀nyí ni Berlin Horse ti jáde ní 1970. Ẹṣin kan tí wọ́n fi okùn mú ń sáré yípo ní abúlé kan ní àríwá Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Berlin, kì í ṣe olú ìlú. Le Grice da àwòrán náà kọ, ó tún dà á kọ, ó fi àwọ̀ pupa sí i, ó fi àwọ̀ ewé, ó yí ohun tó dúdú padà sí funfun. Ó wá fi àwòrán àtijọ́ kan tì í, níbi tí wọ́n ti ń fa ẹṣin jáde nínú ilé tó ń jóná. Brian Eno ló ṣe orin tó ń yí bí ẹṣin náà ṣe ń yí. Nínú fíìmù yìí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin kò ṣe pàtàkì tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀já fíìmù ní yàrá òkùnkùn.

Nínú Glassworks, ẹni tó ń ya fíìmù fi ara rẹ̀ pamọ́ kí á lè rí oníṣẹ́ ọwọ́. Nínú Berlin Horse, ẹni tó ń ya fíìmù fi ara rẹ̀ hàn nítorí pé òun ni oníṣẹ́ ọwọ́. Èmi ò rí ìjà nínú èyí. Ẹni tó ń yí ọ̀pá nínú iná àti ẹni tó ń yí ọ̀já nínú òkùnkùn, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ohun èlò ní agídí tirẹ̀. Lis Rhodes, ọmọ ẹgbẹ́ Co-op, tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà dé góńgó nínú Light Music ní 1975. Ó fi ìlà dúdú àti funfun ya ojú fíìmù, ó jẹ́ kí àwọn ìlà náà wọ apá ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ohùn, tó fi jẹ́ pé ohun tí à ń rí gan-an ni à ń gbọ́. Wọ́n á gbé pùrọ̀jẹ́kítọ̀ méjì kojú ara wọn, àwọn òǹwòran á máa rìn láàárín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì. Kò sí ohun tó fara sin nípa bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ní ti ohùn, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti le jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dọ́kúmẹ́ńtárì ní àṣà kan tó ti pẹ́: ọkùnrin kan tí a kò rí, tí èdè rẹ̀ já gaara, yóò máa sọ fún wa ohun tí àwọn tí à ń wò ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Awakùsà ń wa kùsà, òun ló ń ṣàlàyé. Apẹja ń fa àwọ̀n, òun ló ń ṣàlàyé. Àwọn tó niṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Amber wo àṣà yìí, wọ́n pinnu pé ohùn náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Nínú Launch, òòlù ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ wọn mìíràn, ẹni tó niṣẹ́ ló máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè agbègbè rẹ̀, bí ará London kò bá tilẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

John Smith wo àṣà kan náà, ó gba ọ̀nà òdìkejì. Kò pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. Ó fún un láyè títí tó fi tú ara rẹ̀ fó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a gbà á gbọ́. Ohùn náà ní kí ẹnìkan wọlé, ẹni náà wọlé. Èèyàn á rò pé òṣèré ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ẹyẹlé. Ó pàṣẹ fún ọwọ́ aago ara ilé pé kí ó máa yí ní ìwọ̀n bí aago ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni òǹwòran ti máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti wá yé wa pé ẹ̀yìn àwòrán ni ohùn náà ń rìn, kì í ṣe iwájú. Ó dà bí onílù tó ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ oníjó, tó wá ń ṣe bí ẹni pé ìlù òun ló ń gbé ẹsẹ̀ náà. Kò dúró síbẹ̀ o. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú àwọn èèyàn tó ń kọjá fún wa: ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan ti jalè, ó ní ìbọn wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà sì rèé, ó ń lọ jẹ́ẹ́. Bí a ti mọ̀ pé irọ́ ni tó, ojú wa ṣì lọ sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ohùn náà jẹ́wọ́ pé òun kò tilẹ̀ sí ní Dalston, pé etí oko kan nítòsí Letchmore Heath lòun wà, àwòrán sì fi oko náà hàn wá.

Ta ló wá bọ̀wọ̀ jù fún àwọn tó wà nínú àwòrán? Èèyàn lè sọ pé Amber ni, nítorí wọn kò fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, nígbà tí Smith sọ aláìṣẹ̀ di olè nítorí eré. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Amber, nípa dídákẹ́, lè mú kí á gbàgbé pé ẹnìkan ló yan ibi tí kámẹ́rà dúró, ẹnìkan ló gé ohun tí kò fẹ́ dànù. Smith kò jẹ́ kí á gbàgbé. Ẹni tó bá ti wo fíìmù rẹ̀ kì í tún gbọ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú etí tó ní tẹ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí ohùn kan bá ń sọ ohun tó wà nínú àpò ọ̀dọ́kùnrin kan fún wa. Ọ̀kan dáàbò bo ẹni tí à ń wò, èkejì dáàbò bo ẹni tó ń wò. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀kan ṣe ẹrú èkejì.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ òtítọ́. A máa ń rò pé dọ́kúmẹ́ńtárì ló ń ya ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọnà ló ń gbé e kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Òpópónà Dalston nínú fíìmù Smith kò ní òṣèré. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ lóòótọ́. Ọjọ́ kan nínú ayé wọn ló wà níbẹ̀, kò sí àbùlà. Seacoal tí Amber gbé jáde ní 1985 ńkọ́? Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣa èédú tí òkun gbé wá sí etíkun Lynemouth ni ìtàn náà dá lé lórí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ra ilé alágbèéká kan, wọ́n gbé e sí àárín àgọ́ àwọn aṣèédú, wọ́n sì ń bá wọn gbé. Síbẹ̀, òṣèré wà nínú fíìmù náà, ìtàn àtinúdá wà níbẹ̀, àwọn aṣèédú tòótọ́ sì ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò. Ohun tó wà nínú fíìmù tí à ń pè ní iṣẹ́ ọnà ni àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tò. Ohun tó wà nínú èyí tó ti ilé dọ́kúmẹ́ńtárì wá ni eré. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè wo Seacoal tán kó ní irọ́ ni wọ́n pa. Òtútù tó wà ní ọwọ́ àwọn èèyàn yẹn, wọn ò fi ṣeré.

Àṣà yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Amber. Nínú Night Mail, dọ́kúmẹ́ńtárì tó lókìkí jù tí ẹ̀ka fíìmù ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1936, inú sítúdíò ni wọ́n kan yàrá ọkọ̀ ojú irin tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣa lẹ́tà sí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń mì ara wọn bí ẹni tó wà lórí irin. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn ilé yẹn ni pé lábẹ́ òrùlé kan náà, pẹ̀lú owó ìjọba kan náà, ni Len Lye, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ti ṣe A Colour Box ní 1935. Kò lo kámẹ́rà rárá. Ó mú ọ̀dà, ó fi kùn ojú ọ̀já fíìmù tààrà, àwọ̀ ń jó sí orin Kúbà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ní ìparí ni ọ̀rọ̀ wá jáde nípa owó tí wọ́n ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. John Grierson ló ń darí ẹ̀ka náà nígbà yẹn. Baba dọ́kúmẹ́ńtárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ń pè é, òun náà ló sì fọwọ́ sí fíìmù tí kò ya ohun kankan nínú ayé. Nígbà tí Amber àti Co-op yóò fi dé, àwọn ọmọ ìyá kan náà ló ti ń ṣe bí àlejò síra wọn.

Ní ti àkókò, ọ̀rọ̀ ò gùn. Konttinen dé Byker, àdúgbò kan ní Newcastle, ní 1969, ó ń gbé ibẹ̀, ó ń ya àwọn aládùúgbò rẹ̀ títí wọ́n fi wó ilé tí òun pàápàá ń gbé; fíìmù Byker kò jáde títí di 1983. Chris Welsby ti Co-op ní tirẹ̀ gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan ní orí òkè ní Wales fún ọjọ́ méje, ó ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ràn, kámẹ́rà á wo òjìji ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tí ìkùukùu bá bò ó, á wo ojú ọ̀run. Seven Days lorúkọ fíìmù yẹn, ọdún 1974. Sùúrù kan náà ni. Ọ̀kan fi fún èèyàn, èkejì fi fún ojú ọjọ́, àwọn méjèèjì sì gbà pé kì í ṣe àwọn ni yóò pinnu ìgbà tí ohun tó yẹ ní yíyà yóò ṣẹlẹ̀.

Orúkọ àti owó yàtọ̀ gédégédé. Ní Amber, ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́. Ẹni tó di kámẹ́rà mú lónìí lè máa gé fíìmù lọ́la, owó oṣù wọn dọ́gba, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí orúkọ adarí kan tó dá dúró ní ìparí. Ní Co-op, ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ni, kì í ṣe orúkọ. Fíìmù Le Grice ni ti Le Grice, ti Rhodes ni ti Rhodes. Olúkúlùkù ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó ṣọ̀wọ́n láyé: ẹnikẹ́ni tó bá gbé fíìmù rẹ̀ wá, wọ́n á gbà á sínú àwọn tí wọ́n ń yá jáde, wọn ò ní ṣà á. Èyí mú kí iṣẹ́ tí kò dára pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ká má tan ara wa. Ó tún mú kí àwọn iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ kankan kì bá tí fọwọ́ sí rí ọ̀nà gbà jáde. Amber kò lè ṣe irú èyí, nítorí orúkọ wọn ni orúkọ gbogbo wọn.

Ìjọba àti àwọn àjọ iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì tún jọ ń ráhùn pé kò tó. Ohun tó yí ọ̀ràn padà ni tẹlifíṣọ̀n. Channel 4 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, ní ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fíìmù, British Film Institute àti tẹlifíṣọ̀n tuntun náà jọ fẹnu kò lórí àdéhùn kan pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń ṣe fíìmù lè máa gba owó oṣù títí lọ, kí wọ́n sì ni iṣẹ́ wọn. Amber jàǹfààní rẹ̀ gidigidi. Fíìmù tí ó ti jẹ́ pé ilé ọtí àti gbọ̀ngàn àdúgbò ni wọ́n ti ń wò ó wá ń wọ inú pálọ̀ èèyàn ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Co-op kò bá èyí mu dáadáa. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n wo Light Music, tó jẹ́ pé rírìn láàárín ìmọ́lẹ̀ ni wíwò rẹ̀? Àwọn tó ń bú Co-op sọ pé àwọn díẹ̀ ló ń ṣe fíìmù fún àwọn díẹ̀. Àwọn tó ń bú Amber sọ pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ iṣẹ́ tó ti lọ, wọn kò wo èyí tó ń bọ̀. Ìbáwí méjèèjì ní ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rìn láàárín ìmọ́lẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan kò ṣe ohun tó kéré sí ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jókòó sí pálọ̀, iye kọ́ la fi ń wọn èyí.

Àdéhùn 1982 yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ gbà wọlé, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn nínú ilé méjèèjì. Black Audio Film Collective bẹ̀rẹ̀ ní 1982 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Portsmouth, wọ́n sì kó wá sí Hackney. John Akomfrah, tí wọ́n bí ní Ghana, ló darí Handsworth Songs ní 1986, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Handsworth ní Birmingham àti ní Tottenham ní London lọ́dún 1985. Ibi tí fíìmù yìí ti ṣẹlẹ̀ jẹ́ ti dọ́kúmẹ́ńtárì pátápátá: òpópónà, ọlọ́pàá, àwọn òbí tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà: àwòrán àtijọ́ nípa àwọn tó wọkọ̀ òkun wá láti Kàríbíà, ohùn tí Trevor Mathison yí padà títí tó fi dà bí ẹ̀dùn ọkàn, ìtàn tí kò tò tẹ̀lé ara wọn. Ó gba ẹ̀bùn Grierson gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtárì tó dára jù.

Ní January 1987, òǹkọ̀wé Salman Rushdie kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Guardian láti bẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà. Lójú tirẹ̀, wọn kò jẹ́ kí àwọn ará Handsworth sọ ìtàn ara wọn tó. Stuart Hall, onímọ̀ nípa àṣà, dá a lóhùn pé èdè tuntun ni àwọn ọmọ náà ń wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà bọ̀ wá sí ibi tí a ti kúrò. Ohun tí Rushdie ń béèrè ni ohun tí Amber fi gbogbo ayé wọn ṣe: jẹ́ kí ẹni tó niṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí Hall ń gbèjà ni ohun tí Co-op fi gbogbo ayé wọn ṣe: kọ́kọ́ yẹ ohun èlò wò, nítorí ó lè jẹ́ inú rẹ̀ ni irọ́ wà. Àwọn méjèèjì ò mẹ́nu ba Newcastle tàbí ilé wàrà tí wọ́n pa tì. Ìjà náà ti kúrò ní ti ilé kankan.

Ó ti dé Èkó pẹ̀lú. Karimah Ashadu, tí wọ́n bí ní London tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, fi Machine Boys gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní Venice ní 2024. Àwọn ọlọ́kadà Èkó ló yà, lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà. Kò ní alálàyé. Ẹnjìnnì ń bú, awọ ń dán, taya ń yí lórí ilẹ̀, kámẹ́rà sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn epo. Nígbà tó ṣe Lagos Island ní 2012, ó ti ki kámẹ́rà bọ inú ohun èlò kan tó ń yí bíi kẹ̀kẹ́, ó ń tì í lọ létíkun, ayé ń dorí kodò, ó ń tún dìde. Irú ẹ̀rọ tí Welsby ìbá fẹ́ láti yẹ̀ wò nìyẹn. Irú àwọn èèyàn tí Murray Martin ìbá fẹ́ láti bá gbé ló sì yà pẹ̀lú ọ̀kadà. Mi ò mọ abẹ́ èwo nínú pẹpẹ méjèèjì ni wọ́n fẹ́ to iṣẹ́ rẹ̀ sí, mi ò sì rò pé ó kàn án.

Ibi tí àwọn ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyí wà lónìí tún jọra wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Co-op dara pọ̀ mọ́ àwọn onífídíò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n di LUX, wọ́n ní ilé aláràbarà ní Hoxton, ilé náà sì ti ilẹ̀kùn ní 2001. Àwọn fíìmù ṣì wà, LUX tuntun ló ń tọ́jú wọn. Iṣẹ́ Amber àti àwòrán Konttinen wọ àkọsílẹ̀ Ìrántí Àgbáyé ti UNESCO fún ilẹ̀ Bìrìtéènì ní 2011, síbẹ̀ Side Gallery tí Amber dá sílẹ̀ ní etí odò ní 1977 ti ilẹ̀kùn ní 2023 nígbà tí owó ìrànwọ́ bọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lè wò wọ́n tán láàárín ìdajì wákàtí, yóò sì tún ku àyè láti jiyàn. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi Launch ṣáájú, wọ́n á ní kí a mọ ohun tó rọrùn kí a tó mọ èyí tó lọ́jú pọ̀. Èmi á fi Smith ṣáájú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12 tí ẹnìkan ti ń purọ́ sí èèyàn létí nípa gbogbo ohun tó rí, kò sí bí èèyàn ṣe lè wo àwọn ọkùnrin Wallsend láì máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ohùn yẹn ìbá sọ nípa wọn: èwo ni yóò pè ní olè, èwo ni yóò ní kí ó gbé òòlù sókè. Òòlù ń lọ sókè ná, ó ń bọ̀ wálẹ̀, láì dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.